Báwo ni a ṣe lè kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ káfíńtà tí ìlà wọn yóò fi máa tọ́?

Olùkọ́ Iṣẹ́ Igi, Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ igi àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ káfíńtà, ọdún kẹta mi sì nìyí. Ọmọ 34 ni ó wà ní ọdún kìíní, púpọ̀ nínú wọn kò sì fọwọ́ kan ayùn rí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Síkúwíà mẹ́fà (irinṣẹ́ tí a fi ń wo igun bóyá ó gún) àti géèjì mẹ́ta (irinṣẹ́ oníìṣó tí a fi ń fa ìlà tí ó bá etí igi rìn) ni gbogbo kíláàsì ń pín lò. Téèpù ni àwọn ọmọ ń mú wá láti ilé, oríṣiríṣi sì ni.

Kì í ṣe ayùn fífà ni ó ń dà mí láàmú. Ẹni tí kò bá mọ ayùn fà lónìí yóò mọ̀ ọ́n fà lóṣù tí ń bọ̀, nítorí pé ó ń fojú ara rẹ̀ rí àṣìṣe náà bí ó ti ń ṣe é. Ìlà ni ìṣòro mi. Ní sáà tí ó kọjá, a fi igi arère ṣe àpótí ìjókòó kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí igi ìdábùú rẹ̀ ní ahọ́n tí ó ń wọ inú ihò ara ẹsẹ̀. Láti èjìká (ibi tí ahọ́n ti bẹ̀rẹ̀) dé èjìká, igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 300 mìlímítà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mo sì ṣe ọ̀kan níṣojú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí a to àwọn àpótí náà pọ̀, mẹ́ta péré ni kò mì lórí sìmẹ́ǹtì. Ní ti àwọn yòókù, bí ẹ̀gbẹ́ kan èjìká bá fara kan ẹsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á yà sílẹ̀ débi pé ẹ lè ki ìwé bọ ibẹ̀.

Mo padà lọ wo àwọn ìlà tí wọ́n fà, mo sì rí ohun tí n kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ á fa ìlà sójú igi àkọ́kọ́, á yí igi, á fà á kọjá lójú kejì, á fà á lójú kẹta àti ìkẹrin, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá fi padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ìlà tí ó jáde nílé kì í délé mọ́. Ó máa ń fi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta ṣìnà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní igi ìdábùú mẹ́rin tí gígùn kò bá ara wọn mu, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń búra pé 300 ni àwọn wọ̀n.

Ibo gan-an ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? Ǹjẹ́ kí n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ wọn, kí n sì fún wọn ní ọ̀bẹ ìfàlà láti sáà àkọ́kọ́, tàbí ọwọ́ wọn kò tíì tó ọ̀bẹ? Ọmọ ọdún 13 sí 15 ni púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù, Abẹ́òkúta

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Kí ẹ tó bá àwọn ọmọ wí, ẹ kọ́kọ́ dán síkúwíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Irinṣẹ́ tí ọmọ 34 ń pín lò ti já bọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síkúwíà tí ó bá sì já bọ́ kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti wọ́. Ẹ wá pákó fífẹ̀ kan tí ẹ ti fi ìfági fá etí rẹ̀ kan títí tí ó fi gún régé. Ẹ fi ìdí síkúwíà (apá rẹ̀ tí ó nípọn) ti etí náà, kí ẹ fa ìlà tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú síkúwíà dé, kí ìdí tí ó kọ sí ọ̀tún wá kọ sí òsì, ẹ mú un wá sí ẹsẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ gan-an, kí ẹ fa ìlà kejì. Bí ìlà méjèèjì bá bo ara wọn, síkúwíà ń sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá là lókè bí ẹnu àlùmọ́gàjí, ó ń purọ́, ìdajì àlàfo tí ẹ sì rí níbẹ̀ ni irọ́ rẹ̀ gan-an, nítorí pé dídojú rẹ̀ dé ti sọ àṣìṣe náà di ìlọ́po méjì. Èmi fúnra mi bá ọmọ iṣẹ́ kan jà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan nítorí férémù fèrèsé, kí n tó mọ̀ pé síkúwíà tí mo gbé lé e lọ́wọ́ ni ó jẹ̀bi. Mo bẹ̀ ẹ́, àgbà tí mo jẹ́.

Lẹ́yìn síkúwíà ni kí ẹ wo igi, ibẹ̀ sì ni mo rò pé olórí ọ̀rọ̀ wà. Pákó tí a rà ní ọjà pákó Bódìjà kì í ní igun tí ó pé. Bí ẹ̀rọ ìlagi ti gé e ni ó wà, oòrùn sì ti yí i díẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Bí ọmọ bá wá ti ìdí síkúwíà mọ́ etí kan láti fa ìlà sójú igi, tí ó tún ti ìdí rẹ̀ mọ́ ojú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yìí láti fa ti etí kejì, tí ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ yí igi ká, ojú mẹ́rin tí kò bá ara wọn mu ni ó ń gbára lé lọ́kọ̀ọ̀kan. Síkúwíà lè tọ́, ọmọ lè fara balẹ̀, ìlà yẹn kò ní délé.

Ìdí nìyí tí a fi ń yan olórí ojú kan àti olórí etí kan lára igi kọ̀ọ̀kan. A ó fá olórí ojú títí tí yóò fi tẹ́jú, a ó fá olórí etí títí tí igun òun àti olórí ojú yóò fi bá síkúwíà mu, a ó sì sàmì sí wọn kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Àmì tí àwọn ọ̀gá mi fi kọ́ mi ni ìlà tí ó ká bí ìrù ajá lórí olórí ojú, tí ìrù náà sì nà dé ẹ̀bá olórí etí, àti orí ọfà lórí olórí etí tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí olórí ojú. Láti ìgbà náà lọ, ìdí síkúwíà àti ìdí géèjì kò gbọdọ̀ ti ara ibòmíràn. Bí ẹ bá ń fa ìlà sí olórí ojú, ìdí síkúwíà wà lára olórí etí. Bí ó bá jẹ́ olórí etí ni ẹ ń fà, ìdí rẹ̀ wà lára olórí ojú. Bí ẹ bá yí igi sí ẹ̀yìn, ẹ tún padà sí olórí etí, bí ó bá sì kan etí kejì, ẹ padà sí olórí ojú. Ìlà yóò délé, nítorí pé ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde.

Èmi kì í gba igi tí kò ní àmì lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Mo máa ń dá a padà láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ìlà ara rẹ̀ dára tàbí kí ó má dára.

Ìyá Kíláàsì Igi, Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀gá ti fọwọ́ kan ibi tí egbò wà. Tèmi dá lórí 300 tí àwọn ọmọ ń búra sí, nítorí pé mo gbà wọ́n gbọ́. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa.

Ẹ wo téèpù tí wọ́n ń mú wá. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ íńṣì, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ sẹ̀ntímítà, wọ́n sì ti gbà láti ilé pé ẹsẹ̀ bàtà kan àti 30 sẹ̀ntímítà kò yàtọ̀. Rúlà ilé ìwé gan-an ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí pé 12 íńṣì àti 30 sẹ̀ntímítà ni ó jọ wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n 25.4 mìlímítà ni íńṣì kan, nítorí náà 304.8 ni ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ bàtà ronú, yóò wọn igi ìdábùú méjì ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àpótí náà yóò wọn méjì yòókù ní 300, àpótí á sì ti fi mìlímítà bíi márùn-ún wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó mú ayùn. Nínú kíláàsì tèmi, mo máa ń lẹ pépà bo ẹ̀gbẹ́ íńṣì ara gbogbo téèpù ní ọjọ́ àkọ́kọ́ sáà. Wọ́n ń kùn, ṣùgbọ́n mìlímítà ni àwòrán iṣẹ́ tí mo ń fún wọn.

Ìkọ́ orí téèpù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó máa ń yọ̀ síwá sẹ́yìn díẹ̀, àwọn ọmọ a sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ọmọ kan ti fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀ rí láti bá mi tún un ṣe. A mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: ìwọ̀n tí ó fi ń yọ̀ dọ́gba pẹ̀lú sísanra irin ìkọ́ náà, kí iye tí a kà lè tọ́ nígbà tí a bá fi kọ́ orí igi láti ìta, kí ó sì tọ́ nígbà tí a bá fi ti ògiri inú àpótí. Bí ìkọ́ bá ti wọ́, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti 100, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó pariwo rẹ̀ sí etí ẹnìkejì rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ni òun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé yọ ọ́ kúrò yóò gé igi tí ó fi 100 mìlímítà kúrú, n kò sì mọ oògùn ìyẹn.

Fún ohun tí kò ju 300 lọ, rúlà irin ni mo fẹ́ràn jù, kí wọ́n sì gbé e dúró lórí etí rẹ̀, kí àwọn ìlà ara rẹ̀ lè fara kan igi. Bí rúlà bá sùn sílẹ̀, ìlà rẹ̀ ga ju ojú igi lọ, ẹni tí ó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ yóò sì ka iye mìíràn. Mo máa ń pe ọmọ méjì jáde, kí ọ̀kan dúró ní apá ọ̀tún tábìlì, kí èkejì dúró ní apá òsì, kí àwọn méjèèjì ka àmì kan náà sókè. Iye wọn kì í dọ́gba, gbogbo kíláàsì a bú sẹ́rìn-ín, n kì í sì í tún un sọ mọ́ títí sáà yóò fi parí.

Ní ti pẹ́ńsù, ẹnu rẹ̀ ni ẹ máa wò. Ìlà pẹ́ńsù tí ó ti kú lẹ́nu lè fẹ̀ tó mìlímítà kan. Ta ni yóò sọ fún ọmọ bóyá àárín ìlà náà ni kí ó gé, tàbí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún, tàbí lósì? Mo ń lo pẹ́ńsù líle tí wọ́n kọ 2H sí lára, mo sì lẹ sáńpépà kékeré mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa fi yún ẹnu pẹ́ńsù títí tí yóò fi pẹlẹbẹ bí ẹnu ìfági. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ó gé dànù ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi àmì X sí kí wọ́n tó gbé igi lọ síbi ayùn, nítorí pé ayùn náà ń jẹ igi, inú apá tí ó ní X ni ó sì ti gbọ́dọ̀ jẹun.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀ títí mo fi ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ yìí: kì í ṣe síkúwíà ni a kọ́kọ́ ń gbé síbi àmì. Bí ọmọ bá gbé síkúwíà sí àmì, tí ó wá mú pẹ́ńsù bọ̀, ẹnu pẹ́ńsù kò lè bọ́ sórí àmì náà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ẹnu pẹ́ńsù ni kí ó kọ́kọ́ fi sórí àmì, kí ó mú un dúró gírígírí, kí ó wá rọra sún síkúwíà títí irin rẹ̀ yóò fi kan pẹ́ńsù. Ìgbà náà ni kí ó fà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, a kì í ṣe nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ hàn ìyá rẹ̀. Igi arère kan tí a ti fá ni mo ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìlà ni yóò máa fà yí i ká, yóò fi ìfági fá wọn kúrò, yóò sì tún wọn fà. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ bá délé ní ìgbà márùn-ún léraléra ni mo ń fún ní ayùn.

Káfíńtà Ẹ̀bá Ọ̀nà, Òṣogbo

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú sí mi, èmi kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì rí, ọmọ iṣẹ́ ni mo ń kọ́. Mo gbà púpọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹ ń fi ìwọ̀n dẹ́rù ba àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í wọn igi mẹ́rin tí ó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹyọ kan ni a ń wọ̀n. Bí mo bá fẹ́ ṣe àga mẹ́fà, mo máa wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo máa kọ gbogbo ìwọ̀n àga náà sí i lára: ibi gíga ìjókòó, ibi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí sí. Ọ̀pá yẹn ni yóò máa lọ láti ara ẹsẹ̀ kan dé òmíràn, téèpù á sì ti wọ àpò. Bí mo bá tilẹ̀ ṣi ọ̀pá náà wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ ni yóò ṣì bákan náà, àga á sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Oníbàárà kò ní mọ̀ pé mìlímítà méjì ti sọnù, ṣùgbọ́n ó mọ àga tí ó ń mì.

Fún igi ìdábùú mẹ́rin tí olùkọ́ wa sọ, ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí olórí etí gbogbo wọn kọjú sókè, kí orí wọn dọ́gba, kí ẹ fi kíláǹpù dì wọ́n, kí ẹ sì fa ìlà èjìká kọjá lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kò bá sí kíláǹpù, ẹ gé rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́, kí ẹ fi wé wọn pinpin. Lẹ́yìn tí ẹ bá tú wọn ni ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síkúwíà gbé ìlà náà yí igi tirẹ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ti wí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni n kò fara mọ́. Ìlà ọ̀bẹ kì í parẹ́. Bí ọmọ bá fà á síbi tí kò yẹ, sáńpépà kò ní mú un kúrò, bí a bá sì kun igi náà ní fáníìṣì, ńṣe ni ojú ọgbẹ́ yẹn á tún ṣókùnkùn sí i. Lórí ìrókò tàbí ọ̀gànwó tí ó ti dúdú, níbi tí pẹ́ńsù kì í hàn dáadáa, ṣọ́ọ̀kì funfun tí a pọ́n lẹ́nu tó fún mi. Lórí òrùlé, okùn tí a fi ẹfun pa ni a ń nà, tí a sì ń ta, ìlà rẹ̀ kì í wọ́. Àwọn baba wa agbẹ́gilére ńkọ́? Ta ni nínú wọn ni ó ní síkúwíà? Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n, ère wọn sì gún.

Ọmọ Ifẹ̀ ní London

Ẹ̀gbọ́n wa láti Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn dára púpọ̀, mo sì rò pé òun ni ó yẹ kí olùkọ́ wa kọ́kọ́ mú lọ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí agbẹ́gilére, nítorí pé inú agbo ilé wọn ni mo ti dàgbà. Ọ̀nà mẹ́rin tí olóògbé Lamidi Fakeye, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, fi máa ń ṣàlàyé bí ère ṣe ń jáde lára igi ni ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nígbà ọnà lílé, ńṣe ni agbẹ́gilére ń wá ibi tí orí wà, ibi tí ìkùn wà. Bí ó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, àlétúnlé ń bọ̀ wá gbà á padà. Gbogbo ère sì wà nínú ìtì igi kan ṣoṣo. Kò sí igi kejì tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń retí pé kí ó bá òun mu. Káfíńtà kò ní àǹfààní yẹn. Èjìká tí a bá ti gé kúrú kò ní àlétúnlé.

Ìdí tí èmi fi gbà pé kí àwọn ọmọ mọ ọ̀bẹ nìyẹn, àmọ́ níbi èjìká àti níbi tí ayùn tàbí ṣísẹ́lì yóò gbà gan-an, kì í ṣe níbi gbogbo. Ọgbẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣẹ́kù níbẹ̀, nítorí pé ìlà ọ̀bẹ ni ó máa ń di etí èjìká fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá gé igi tán. Pẹ́ńsù ń fi èédú sórí igi. Ọ̀bẹ ń gé iṣan igi, nítorí náà ayùn kò lè fa iṣan náà ya kọjá ibẹ̀. Ìlà rẹ̀ kò ní fífẹ̀ tí a lè jiyàn lé lórí. Bí ẹ bá sì fi ẹnu ṣísẹ́lì sínú rẹ̀, ẹnu náà á bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kódà bí ọmọ náà bá di ojú.

Ní ti ọjọ́ orí, ọmọ ọdún 13 tó ọ̀bẹ. Ní ilẹ̀ Sweden, ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, Otto Salomon tí ó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Nääs ní bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ igi fi ọ̀bẹ ṣe irinṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ní kíláàsì alẹ́ tí mo lọ níhìn-ín, ọ̀bẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́, mo sì ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà; mo fi gé ìka lọ́jọ́ kejì. Ohun tí ó fa èyí ni pé mo tẹ síkúwíà pẹ̀lú ìka tí ó yọ kọjá irin rẹ̀. Ẹ máa wo ìka wọn.

Bí ẹ ṣe lè kọ́ wọn nìyí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ tí ó tẹ́jú ni ó gbọ́dọ̀ fara ti irin síkúwíà, kí ẹ̀gbẹ́ tí a pọ́n kọjú sí apá tí a ó gé dànù. Fífà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ní agbára kankan nínú, bí ẹni ń fi èékánná họ ara ọmọ ìkókó; bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan igi yóò gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tún fà á nígbà kejì, kí ó le díẹ̀ sí i, kí ó sì fi ìkẹta parí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ṣísẹ́lì ré igi tín-ín-rín kúrò láti apá X wá sínú ìlà náà, kí ojú ọ̀nà kékeré wà fún ayùn láti jókòó. Ayùn tí ó bá ti jókòó síbẹ̀ kì í sá.

Ẹ kò nílò láti ra ọ̀bẹ. Irin háksọ̀ (ayùn tí a fi ń gé irin) tí ó ti ṣẹ́ dára fún un: ẹ lọ ọ́ lórí òkúta, kí ẹ máa fi omi tù ú kí ó má baà gbóná jù, ẹ pọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi aṣọ wé ìdí rẹ̀. Ẹ ṣe méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì fún àwọn ọlọ́wọ́ òsì. Nínú ọmọ 34, wọn kò ní ṣàìsí níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti kọ́ wọn nílé pé kí wọ́n máa fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan.

Géèjì náà fẹ́ ọwọ́ fífúyẹ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dà á síwájú díẹ̀ kí ìṣó rẹ̀ máa wọ́ tẹ̀lé e, kì í ṣe kí ó máa gún igi, kí wọ́n sì máa tì í lọ kúrò lọ́dọ̀ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń ti ìdí rẹ̀ mọ́ olórí etí. Arère kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Ìrókò àti apá ni wàhálà wà lára wọn, nítorí pé iṣan wọn ń kọjá lórí ara wọn, wọ́n sì máa ń fa ìṣó géèjì lọ síbi tí ó wù wọ́n.

Olùkọ́ Iṣẹ́ Igi, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ó sì yẹ kí n jábọ̀.

Mo dán síkúwíà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò ní alẹ́ ọjọ́ tí mo ka èsì Ọ̀gá. Méjì ń purọ́. Ìlà méjì tí mo fi ọ̀kan nínú wọn fà là tó mìlímítà mẹ́ta lórí pákó tí ó fẹ̀ tó 200, a jẹ́ pé ó ti fi mìlímítà kan àti ààbọ̀ wọ́. Ó dùn mí, nítorí pé òun ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níṣojú wọn ní sáà tí ó kọjá. Mo ti fi aṣọ pupa so méjèèjì sórí ògiri, pẹ̀lú àkọlé pé kí ẹnikẹ́ni má lò wọ́n.

A ti ń fa ìlà láti ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Kíláàsì Igi ti wí. Àwọn ọmọ kò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ di ìdíje láàárín tábìlì kan àti èkejì, wọn kò fẹ́ kí aago lù mọ́. Ọmọ 21 ni ìlà wọn ti délé ní ìgbà márùn-ún. Ọmọbìnrin kan wà tí ìlà ọ̀bẹ rẹ̀ máa ń yẹ̀ kúrò lára síkúwíà ní gbogbo ìgbà, mo sì ti fẹ́ sọ pé kò fara balẹ̀, kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ́ òsì. Mo pọ́n háksọ̀ kan ní òdìkejì fún un, òun ni ó sì fa ìlà tí ó tọ́ jù ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ti ẹ̀gbọ́n wa láti Òṣogbo, ọ̀pá rẹ ti wà lára ògiri wa. 300 ni ó jẹ́, láti èjìká dé èjìká, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú téèpù súnmọ́ igi ìdábùú mọ́.

Ohun tí ó ṣẹ́kù ni géèjì. Mẹ́ta kò lè tó ọmọ 34, tí a bá sì dúró de ẹni tí yóò rà wá, sáà yóò parí. Bí ọmọ mẹ́wàá bá sì ń tò de géèjì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ń tú síkúrù rẹ̀ tí ó sì ń tún un dè, ìwọ̀n ihò kì í sì í bá ti ahọ́n mu mọ́. Ǹjẹ́ a lè ṣe é fúnra wa?

Ọ̀gá Ṣọ́ọ̀bù, Abẹ́òkúta

Ẹ kú akitiyan. Ẹ lè ṣe é, kì yóò sì gbà yín ju ọ̀sán kan lọ. Ẹ wá àjákù igi líle tí ó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, tí orí rẹ̀ kan gún régé. Ẹ fi ìṣó onísíkúrù tí orí rẹ̀ tẹ́jú wọ orí igi náà, kí ó yọ síta ní ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ kí ìlà fi jìnnà sí etí. Ẹ fi fáìlì yún etí orí ìṣó náà yípo títí yóò fi mú, òun ni yóò máa fa ìlà, nígbà tí orí igi náà bá fara ti olórí etí. Fún ihò àti ahọ́n, ẹ fi ìṣó méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan yọ ju èkejì lọ ní ìwọ̀n ẹnu ṣísẹ́lì tí ẹ fẹ́ fi gbẹ́ ihò. Ẹ má fi rúlà wọn ìyẹn. Ẹnu ṣísẹ́lì náà gan-an ni kí ẹ gbé sáàárín etí ìṣó méjèèjì.

Ẹ ṣe ọ̀kan fún tábìlì kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi gúlù díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìṣó náà nígbà tí ó bá ti tọ́, kí ọmọ kankan má lè tú u.